Ìfalẹ̀ Èsì lára Ẹ̀rọ Alágbàtà Aláká

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá dáadáa lè tọ́ni sí ibi tí àléébù ẹ̀rọ wà. Àpẹẹrẹ wa ni kọ̀ǹpútà tí ó wà láàrin òǹlò àti íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní caching proxy server. Bí a bá pè é ní 'aṣojú', a kò ṣì í. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni aṣojú ń jẹ́, kì í tọ́jú ọjà. 'Alágbàtà' ni àwa fara mọ́. Ẹ̀rọ yìí a máa gba ojú-ewé láti ọ̀nà jíjìn, a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú àká de ẹni tí yóò tún béèrè rẹ̀. Bí ohun tí a béèrè bá wà níbẹ̀, 'ìbáláká' ni. Bí kò bá sí, 'àìbáláká' ni.

2. Ìwúlò àká

Kí okùn abẹ́ òkun MainOne tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 2010, ọ̀pọ̀ ilé íntánẹ́ẹ̀tì ní Ìkẹjà, títí kan agbègbè Computer Village, ni ó gbára lé sátẹ́láìtì. Irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ wà ní nǹkan bí kìlómítà 36,000 lókè ilẹ̀. Ìbéèrè yóò gòkè, yóò sọ̀ kalẹ̀. Èsì náà yóò ṣe bákan náà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 144,000. Níwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ti ń rin kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èsì yóò gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, bí ó ti wù kí ọ̀nà náà fẹ̀ tó. Ìbáláká nìkan ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ ìrìn yìí.

3. Wíwá orísun ìfalẹ̀

Squid, ètò alágbàtà tí ó ti wà láti 1996, a máa kọ àkókò tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbà sílẹ̀. A sì kọ TCP_HIT fún ìbáláká, TCP_MISS fún àìbáláká. Kí a fi wọ́n wéra báyìí:

(i) Bí ìbáláká bá yá, tí àìbáláká sì falẹ̀, ìta ni àléébù wà: yálà ọ̀nà, tàbí ibùdó tí ó ni ojú-ewé náà.

(ii) Bí ojú-ewé bá dúró pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, tí ó sì wá yára dé, kí a yẹ olùtúmọ̀ orúkọ wò, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń sọ orúkọ ibùdó di nọ́ńbà.

(iii) Bí ìbáláká pàápàá bá ń falẹ̀, inú ilé ni àléébù wà: wáyà tí ó so òǹlò mọ́ alágbàtà, tàbí alágbàtà fúnra rẹ̀. Àká tí ó wà lórí dísíìkì ń fẹ́ nǹkan bí mẹ́gábáìtì 14 ìrántí fún gígábáìtì kọ̀ọ̀kan. Àká gígábáìtì 100 yóò gba 1,400. Bí ìrántí kò bá tó, kọ̀ǹpútà a fi dísíìkì rọ́pò rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ a sì falẹ̀. Ẹni tí ó lọ ra ọ̀nà tí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí èyí kàn fi owó ṣòfò ni.

4. Ààlà

Lónìí, ọ̀pọ̀ ojú-ewé ni a ń fi àrokò dì kí wọ́n tó gbéra. Alágbàtà kò lè pín ẹrù tí kò rí inú rẹ̀. Yóò kàn gbé e kọjá ni. Kì í ṣe àìbáláká ni èyí, 'àìṣeékósáká' ni, fífẹ àká kò sì lè wò ó sàn. A rọ àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ pé kí wọ́n má ṣe pa méjèèjì pọ̀.