Òótọ́ Àbí Irọ́: Ṣé Ìwé Owó Orí Kì Í Parọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lówó tó láyé àtijọ́, ìwé owó orí ló máa kọ́kọ́ sá tọ̀ lọ. Páríṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn abúlé àti oko tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, ló ní iye tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ọ́ fẹ́ gbowó, ẹni tí wọ́n ń kọ kò sì fẹ́ san. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni ìwé náà ti jáde.

“Abúlé tó san púpọ̀ ló lówó.”

Ó ti jẹ́ òótọ́ rí. Tẹ́lẹ̀, àwọn agbowó orí máa ń díye lé màlúù, ọkà àti ẹrù olúkúlùkù. Ará oko á san ìdá kan nínú 15, ará ìlú á san ìdá kan nínú 10. Nígbà tí ariwo pọ̀ pé àwọn agbowó ń jẹ nínú rẹ̀, ọba ní kí àwọn aṣojú òun bá abúlé kọ̀ọ̀kan jókòó ní 1334, kí wọ́n jọ fẹnu kò sí iye kan, kí ará abúlé sì pín in láàárín ara wọn. Iye yẹn kò wá yí padà mọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn ńlá dé ní 1348, ó gbá odidi agboolé lọ, síbẹ̀ iye tó wà lórí abúlé ṣì dúró digbí. Ó di 1433 kí ilé aṣòfin tó yọ £4,000 kúrò nínú àpapọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá rí iye yẹn nínú ìwé ọdún 1500 tó sì ní òun ti rí ọrọ̀ abúlé, ọrọ̀ àwọn tó ti kú tipẹ́ ló ń kà.

“Iye orí inú ìwé ni iye ènìyàn tó wà nílé.”

Irọ́ gbuu. Ní 1377, pẹ́nì mẹ́rin ni wọ́n gbà lórí ẹnikẹ́ni tó ti lé ní ọmọ ọdún 14. Orúkọ tó wọlé lé ní 1,350,000. Ní 1381, owó di ṣílè kan, orúkọ kò sì tó 900,000. Ọdún mẹ́rin péré! Ẹ yẹ ìwé ọdún náà wò dáadáa, ẹ ó rí ilé lóríṣiríṣi tó jẹ́ pé àwọn obìnrin ni kò sí nínú rẹ̀: àbúrò tí kò tíì lọ́kọ, ìyá opó tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ, ọmọ ọ̀dọ̀. Ọba rán àwọn olùyẹ̀wò jáde, àwọn ará Essex sì dìde sí wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

“Ibi tó bá ti lówó á máa lówó lọ ni.”

Ẹ bi Lavenham ní Suffolk. Nínú owó orí ọdún 1524, ipò 14 ló wà nínú gbogbo ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ aláró tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ló gbé e débẹ̀. Lẹ́yìn náà làwọn tó sá wá láti Netherlands bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó dínwó ní Colchester, ọjà Lavenham sì kú. Abúlé ni lónìí. Àwọn ilé onígi rẹ̀ tó ti wọ́, tí àlejò ń ya fọ́tò wọn, àìrówó wó wọn kọ́ tuntun ló gbà wọ́n là.

“Kò sẹ́ni tó lè fi ààrò pamọ́.”

Èrò ìjọba nìyẹn ní 1662: ṣílè méjì lórí ààrò kan lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á san án, àwọn tálákà sì bọ́ níbẹ̀. Kọ́ńsítébù á wọlé, á ka ààrò. Ìwé yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ó fi olówó tó ní 20 ààrò hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ní ọ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà ní Churchill, abúlé kan ní Oxfordshire, pé obìnrin oníbúrẹ́dì kan dá ihò sí ògiri kí èéfín ààrò rẹ̀ lè gba inú ṣímínì aládùúgbò jáde, kí òun má baà san. Iná sọ ní 1684. Ogún ilé jó, ènìyàn mẹ́rin kú. Orí òkè ni wọ́n tún abúlé náà kọ́ sí, òkúta ni wọ́n sì fi kọ́ ọ.