Káfíńtà Ra Àpótí Ẹja Òkun Ní Tòkunbọ̀, Ẹja Kú Tán! 'Aráyé Ló Ń Ṣe Mí'

Ẹ gbọ́ ná o! Káfíńtà kan l'Ékòó ló ra àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja òkun sí lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó. Nígbà tó gbé e délé, ó fi omi ẹ̀rọ fọ òkúta inú rẹ̀, ó sá a sóòrùn, ó pọn omi oníyọ̀ tuntun sí i, ó kó ẹja padà lọ́jọ́ náà gan-an. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ẹja kú tán. Ó ní aráyé ni.

Irọ́ o! Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja máa ń di májèlé tó ń jẹ́ amóníà. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí, tó ń gbé ara òkúta, ló ń bá ẹja pa oró rẹ̀. Oògùn inú omi ẹ̀rọ àti oòrùn ló pa wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra irú ẹ̀, omi inú àpótí yẹn náà ni kí ẹ fi gbé òkúta wálé, kó má gbẹ. Iyọ̀ òkun ni kí ẹ lò, bíi gíráàmù 35 sí lítà 1, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹ bẹ ẹni tó tà á kó bá yín tọ́jú ẹja ná. Ẹ ra oògùn tí wọ́n fi ń yẹ omi wò. Àfi tí amóníà bá tán pátá. Bí òkúta bá ti kú, ó lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi ẹja sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.