Béèsì Dídùn: Ẹ Yẹ Hẹ́dífóònù Wò Kí Ẹ Tó Ra Áńpílífáyà!

Ẹ̀yin olólùfẹ́ béèsì, ẹ fara balẹ̀! Ọ̀pọ̀ ló rò pé áńpílífáyà kékeré inú àpò á sọ hẹ́dífóònù èyíkéyìí di gbẹ̀du. Irọ́ ni o.

Ẹ kọ́kọ́ wo iye ohm tó wà lára hẹ́dífóònù yín. Bó bá jẹ́ 16 tàbí 32, fóònù sábà máa ń gbé e. Àwọn bíi Sennheiser HD 600, tó jẹ́ ohm 300, ló ń fẹ́ áńpílífáyà.

Ṣé ó bo etí dáadáa? Bí àyè bá wà, béèsì á jò dànù. Rọ́bà tó bá etí mu lè tó iyapíìsì.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ sí i, kó wá èyí tó ní bọ́tìnì béèsì, bíi XBass ara iFi hip-dac. Kó gbé hẹ́dífóònù tirẹ̀ dání, kó dán an wò kó tó sanwó.

Àmọ́ o, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí ariwo bá jẹ́ dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 80, wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kò léwu. Bó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Owó tó bá lọ, a lè tún un wá. Etí ò ní pátì lọ́jà Ládípọ̀ o!