Lẹ́tà Àkọ́kọ́ Lójú Ìwé Ayélujára

Àdúgbò kan wà ní ìlú Ìbàdàn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àpáta. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ kò bá fi àmì ohùn sí i, òkúta ńlá á di apata tí jagunjagun fi ń gba ọfà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ èdè ti ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí púpọ̀ nínú ìwé kíkà ti ṣí lọ sójú ayélujára, ìṣòro náà ti gba ibòmíràn yọ.

HTML ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ ojú ìwé ayélujára dúró. CSS ni ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Håkon Wium Lie ni ó dá CSS lábàá ní 1994, ẹ̀dà àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù Kejìlá 1996. Láti ìgbà náà ni ohun tí a ń pè ní pseudo-element ti wà nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe ọ̀nà láti ṣe apá kan ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ láìjẹ́ pé òǹkọ̀wé fi àmì yà á sọ́tọ̀. Bí a bá lo ::first-letter, lẹ́tà tí ó ṣíwájú ìpínrọ̀ yóò tóbi, gẹ́gẹ́ bí àwọn atẹ̀wé ti máa ń ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ orí ìwé.

Ìlànà CSS kò fẹ́ kí a ya àmì kúrò lára lẹ́tà tí ó ni ín. Nítorí náà, À inú Àpáta yóò tóbi tòun ti àmì ohùn rẹ̀. Bákan náà ni Ẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Unicode kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún un, tí ó jẹ́ pé àkópọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń rí.

Gbági ni wàhálà wà. G nìkan ni yóò tóbi. B yóò ṣẹ́ kù sẹ́yìn bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sọ́jà. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà kan ni gb nínú lẹ́tà 25 tí Yorùbá ní. Ẹlòmíràn lè sọ pé G nìkan ni a ń kọ ní lẹ́tà ńlá tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n G tí ó ga ju b díẹ̀ yàtọ̀ sí òmìrán tí ó gba ìlà mẹ́ta. Ìlànà náà mọ̀ pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wà: ó mú ij inú èdè Dutch ṣe àpẹẹrẹ, ó sì gbà kí méjèèjì jọ tóbi. Títí irú àyè bẹ́ẹ̀ yóò fi kan Yorùbá, ẹni tí ó mọ èdè rẹ̀ níláti fi span yí Gb ká fúnra rẹ̀, kí ó sì ṣe ọ̀ṣọ́ sí i.

::before àti ::after dé ní 1998. Wọ́n dára fún ọfà, ìlà àti àmì ọ̀ṣọ́ gbogbo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bá fi wọ́n kọ kò sí nínú ìwé gan-an. Olùkọ́ tí ó bá kọ “Ẹ̀kọ́ Kejì” síbẹ̀ yóò rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó da ojú ìwé náà kọ sínú fáìlì tirẹ̀ kò bá àkọlé kankan níbẹ̀.