Agbọ́n kékeré tó gba ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ikú

Attiéké ni oúnjẹ tí wọn kì í fi ṣeré ní ìlú Abidjan. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n fún omi rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì fi ooru omi sè ni. Àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n ti sọ ìlú náà di ilé kò ṣàìmọ adùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹja díndín. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló mọ̀ nínú àwọn tó ń jẹ ẹ́ pé agbọ́n kan tí kò gùn ju mìlímítà 2 lọ wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ parun nílẹ̀ Áfíríkà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni kòkòrò kan wọ orílẹ̀-èdè Kóńgò méjèèjì. Ara rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun lé e lórí, ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ló sì máa ń fà mu títí ewé yóò fi ká kò. Danièle Matile-Ferrero, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1977: Phenacoccus manihoti. Nígbà tó fi di 1979, ó ti dé Nàìjíríà.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀ wá, ibẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ sì wá ọ̀tá kòkòrò yìí lọ. Ní apá àríwá ilẹ̀ ọ̀hún, wọ́n rò pé ọwọ́ àwọn ti bà á. Àmọ́ agbọ́n tí wọ́n kó níbẹ̀ kò rí ti kòkòrò Áfíríkà rò. Àṣé ìbejì tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n bá pàdé! Ní 1981, J. M. Cox àti D. J. Williams gbé méjèèjì sábẹ́ awò tí í sọ kékeré di ńlá, wọ́n ka ihò tín-tìn-tín tó wà lábẹ́ orí wọn, iye rẹ̀ kò sì bára mu. Ti Áfíríkà kò ní akọ rárá, abo níí bí abo. Èkejì ní akọ. Wọ́n sọ èkejì ní Phenacoccus herreni, nítorí Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní IITA, Ìbàdàn.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Anthony Bellotti rí kòkòrò gan-an ní Paraguay, pẹ̀lú agbọ́n tó ń pa á. Agbọ́n náà kì í ṣe àjèjì nínú ìwé: De Santis ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láti Argentina ní 1964, ó pè é ní Apoanagyrus lopezi. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlú Òyìnbó kí wọ́n tó gbé e wá sí Ìbàdàn, ọdún 1981 kò sì tíì parí tí wọ́n fi tú u sílẹ̀ sínú oko.

Inú kòkòrò ni abo agbọ́n yìí ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ a jẹ kòkòrò náà láti inú, títí yóò fi ku èèpo lásán, kó tó dá ihò lu jáde.

Àwọn tó ń fi ìrísí ara to àwọn agbọ́n kò tètè fẹnu kò lórí ìdílé rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àyà tó wú àti ẹsẹ̀ àárín tó fi ń fò fi hàn pé ọmọ agbo Encyrtidae ni, ṣùgbọ́n ilé wo nínú agbo náà? Epidinocarsis ni wọ́n ń pè é nígbà iṣẹ́ Ìbàdàn. Anagyrus ni lónìí. Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán o. Àwọn kòkòrò oníyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìran Anagyrus ń pa, nítorí náà ẹni tó bá mọ ìdílé agbọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ oúnjẹ rẹ̀.

Agbọ́n náà fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó ju 20 lọ, Côte d'Ivoire sì wà lára wọn. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, UNESCO kọ ìmọ̀ ṣíṣe attiéké sínú ìwé ogún àgbáyé. Ìlú Asunción ni wọ́n ti ṣèpàdé náà, olú-ìlú Paraguay, ilẹ̀ tí wọ́n ti rí agbọ́n náà mú wá.