Bíbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olóòtú lórí Wikipẹ́díà Yorùbá

Iṣẹ́ olóòtú lórí Wikipẹ́díà Yorùbá ni kíkọ àyọkà tuntun, títún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe, fífi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn àti yíyẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò nínú ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìdánwò àbáwọlé fún iṣẹ́ náà, kò sì sí owó oṣù nídìí rẹ̀. Ohun tí a ń retí lọ́dọ̀ olóòtú tuntun ni pé kí ó kọ ohun tí ó ní ẹ̀rí, kí ó kọ ọ́ láìṣègbè, kí ó sì gbà pé ẹlòmíràn lè fọwọ́ kan ohun tí òun kọ. Àdúgbò Costain ní Ìlú Èkó ni àyọkà yìí fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìpìlẹ̀

Jimmy Wales àti Larry Sanger dá Wikipẹ́díà sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2001. Wikimedia Foundation, àjọ aláìlérè tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ló ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ tí ìkànnì náà ń lò, ṣùgbọ́n àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ló ń kọ àwọn àyọkà. Ẹ̀dà èdè kọ̀ọ̀kan ní àwọn olóòtú tirẹ̀. Àyọkà inú ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ti ju 6,000,000 lọ. Ti Yorùbá ju 30,000 lọ, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì ju ìlà bíi mélòó kan lọ. Àyè tó ṣófo yìí ni olóòtú tuntun lè fi iṣẹ́ rẹ̀ dí.

Ìforúkọsílẹ̀ àti àtúnṣe àkọ́kọ́

Orúkọ oníṣe àti ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni ìforúkọsílẹ̀ ń béèrè. Àdírẹ́sì ímeèlì kò pọn dandan, ṣùgbọ́n òun ni a fi ń gba àkáǹtì padà bí a bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà. Kò di dandan kí orúkọ oníṣe jẹ́ orúkọ àbísọ, nítorí gbogbo ayé ni yóò máa rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan.

Kò dára kí olóòtú tuntun fi àyọkà gígùn bẹ̀rẹ̀. Ó sàn kí ó kọ́kọ́ mú àyọkà kan tó wà nílẹ̀, kí ó tún àmì ohùn tó ṣìnà ṣe, kí ó ṣàtúnṣe ọdún tí a ṣì kọ, tàbí kí ó fi ẹ̀rí sí gbólóhùn tí kò ní. Lẹ́yìn tí ó bá tẹ «Àtúnṣe», tí ó sì ti ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe, àpótí kékeré kan wà tí yóò ti fi gbólóhùn kan sọ ohun tí ó yí padà. Gbólóhùn yìí ni àwọn olóòtú yòókù máa ń kọ́kọ́ kà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán ọwọ́ rẹ̀ wò lè lo ojú ewé ìdánwò tirẹ̀, níbi tí àṣìṣe kò ti ní ba àyọkà kankan jẹ́.

Yíyan àkòrí: àpẹẹrẹ Costain

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ebute Metta tàbí Surulere lè fẹ́ kọ̀wé nípa Costain, ibi tí ó ti ń wọkọ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó lè sọ pọ̀. Orúkọ àdúgbò náà wá láti ara Costain, iléeṣẹ́ akọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Richard Costain dá sílẹ̀ ní ọdún 1865. Òpópónà Funsho Williams, tí a ń pè ní Western Avenue tẹ́lẹ̀, wá láti Ojuelegba dé ibẹ̀, ọkọ̀ sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sórí Afárá Èkó lọ sí Erékùṣù Èkó. Nítòsí rẹ̀, ní Iganmu, ni Gbọ̀ngàn Ìṣeré Orílẹ̀-èdè wà, èyí tí a kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà FESTAC ti ọdún 1977, tí a sì fi sọrí Wọlé Ṣóyínká ní ọdún 2024.

Gbólóhùn báyìí yẹ nínú ìwé ìmọ̀, nítorí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá kọ ọ́ pé «Costain ni ibùdókọ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Èkó», kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi béèrè pé: ta ló ka èrò náà, ọdún wo ni ó kà wọ́n, inú ìwé wo ni iye wọn sì wà? Bí kò bá sí ìdáhùn, gbólóhùn náà kò ní dúró, bó ti wù kí ó dá ẹni tó kọ ọ́ lójú tó.

Ẹ̀rí

Ìlànà mẹ́ta ni gbogbo àyọkà dúró lé: àìṣègbè, ọ̀rọ̀ tí a lè rí ẹ̀rí rẹ̀, àti àìfi ìwádìí tuntun ti ara ẹni síbẹ̀. Ìlànà kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù fún ẹni tó ń kọ̀wé nípa àdúgbò Yorùbá, nítorí ẹnu àgbà ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ wà. Àgbàlagbà kan lè rántí bí Costain ti rí kí wọ́n tó kọ́ afárá, kí ìrántí rẹ̀ sì péye, síbẹ̀ olùkàwé tó wà ní Ìbàdàn tàbí London kò lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe pé Wikipẹ́díà ń pe àgbà ní onírọ́. Ohun tí a ti tẹ̀ jáde níbòmíràn ni ó ń kó jọ. Nítorí náà, ó dára kí a gba ọ̀rọ̀ àgbà sílẹ̀, kí ìwé ìròyìn tàbí ìwé àwọn onímọ̀ sì gbé e jáde. Lẹ́yìn náà ni àyọkà lè tọ́ka sí i.

Kò pọn dandan kí ẹ̀rí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìròyìn bíi Daily Times, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1926, àti Akéde Èkó, tí Isaac Babalọlá Thomas dá sílẹ̀ ní èdè Yorùbá ní ọdún 1928, lè jẹ́ ẹ̀rí nípa Èkó àtijọ́. Ẹ̀ka Ilé-Ìkàwé Orílẹ̀-èdè tó wà ní Yaba kò jìnnà sí Costain fún ẹni tí ó bá fẹ́ wá ìwé. Orúkọ ìwé, ẹni tó kọ ọ́, ọdún àti ojú ìwé ni ó yẹ kí olóòtú kọ sílẹ̀ kí ó tó dá ìwé padà.

Kò yẹ kí ènìyàn kọ àyọkà nípa ara rẹ̀, ẹbí rẹ̀ tàbí iléeṣẹ́ tó ń san owó fún un, nítorí ó ṣòro láti má ṣègbè nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni kò tọ́ kí a da ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn kọ tàbí kí a gbé àwòrán oníròyìn síbẹ̀ láìgbàṣẹ. Àwòrán tí olóòtú fúnra rẹ̀ yà ni ó rọrùn jù láti lò, bí ó bá ti gbà kí gbogbo ènìyàn máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Èdè àti ìtúmọ̀

Irinṣẹ́ kan wà tí a fi ń túmọ̀ àyọkà láti èdè kan sí òmíràn, ẹ̀rọ sì lè bá olóòtú túmọ̀. Ìrànlọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í mọ ìgbà tí òun ṣìnà. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ jáde láìkà á ti fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ ẹlòmíràn. Àmì ohùn kì í sì í ṣe ọ̀ṣọ́: «ọkọ» tó fẹ́ ìyàwó, «ọkọ́» tí àgbẹ̀ fi ń roko àti «ọkọ̀» tó ń ná Costain sí Apapa kì í ṣe ohun kan náà. Bọ́tìnnì Yorùbá wà fún fóònù, ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà sì lè rí àwọn àmì náà nínú àpótí àtúnṣe.

Bí a bá dá àtúnṣe padà

Ọ̀pọ̀ olóòtú tuntun ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnìkan kọ́kọ́ pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ohun tí a pa rẹ́ nínú àyọkà kò sọnù: ojú ewé «Ìtàn» ń pa gbogbo ẹ̀dà mọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é àti àkókò tó ṣe é. Kò yẹ kí olóòtú tuntun máa dá a padà léraléra. Kí ó ka ìdí tí a fi yọ ọ́, kí ó lọ sí ojú ewé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyọkà, kí ó sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó máa rò pé ire ni ẹnì kejì ní lọ́kàn. Ẹ̀rí ni a fi ń yanjú ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní tó ní ìwé lọ́wọ́ lè tún ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò bá ní ẹ̀rí, ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì lè padà wá lọ́la pẹ̀lú ìwé tó dára ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ.