KÁMẸ́RÀ ONÍFÍÌMÙ ÀTI DÍJÍTÀ: ÈWO LÓ Ń PA FỌ́TÒ MỌ́ FÚN ỌMỌ ẸNI?

Ẹnu àwọn onífọ́tò ò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Àwọn àgbà tó fi kámẹ́rà onífíìmù kọ́ṣẹ́ ní díjítà ti ba iṣẹ́ jẹ́, pé ẹni tó bá ṣáà ti ní fóònù lọ́wọ́ ti di onífọ́tò. Àwọn ọ̀dọ́ ní irọ́ ni o, ta ló tún ráyè dúró di ọ̀túnla kó tó rí fọ́tò tó yà lónìí?

Ẹ má rò pé ìjà oníṣẹ́ lásán ni, ẹ̀yin òǹkàwé. Ọjọ́ tí bàbá bá kú, tí àwọn ọmọ ń wá fọ́tò tí wọn ó gbé sára ìwé ètò ìsìnkú, ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń kan olúkúlùkù.

FÍÌMÙ KAN, FỌ́TÒ 36

Fíìmù tó wọ́pọ̀ ò ju fọ́tò 36 lọ, owó sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nítorí náà, onífọ́tò á kọ́kọ́ tún gèlè ìyàwó ṣe, á wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, á ní kí bàbá gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kó tó tẹ̀ ẹ́. Tó bá ṣe é ṣì, ó di inú yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fíìmù kó tó mọ̀. Ṣùgbọ́n nẹ́gátíìfù wà níbẹ̀. Bí fọ́tò ara ògiri bá ya, wọ́n lè tẹ òmíràn jáde láti ara rẹ̀ lẹ́yìn 20 ọdún.

Ẹ wo J.D. 'Okhai Ojeikere. Láti 1968 ló ti ń fi fíìmù ya irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ Nàìjíríà, onílé gogoro wà níbẹ̀. Irun tó yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ó kú ní 2014. Irun tí wọ́n dì nígbà náà ti tú tipẹ́, ṣùgbọ́n fọ́tò wọn ń bẹ.

DÍJÍTÀ NÌKAN KỌ́ LÓ Ń PURỌ́

Àwọn àgbà tún ní díjítà ń purọ́: ó ń sọ dúdú di pupa, ó ń fi ẹni tí kò wá sí òde kún àwọn tó wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fíìmù náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Nínú ìwádìí tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1978 lórí àwọn onífọ́tò Yorùbá, tó fi mọ́ ti Ìlá-Ọ̀ràngún, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ya ìbejì tí ọ̀kan nínú wọn ti kú. Èyí tó kù láyé ni onífọ́tò á yà, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, Táíwò àti Kẹ́hìndé á sì jókòó pọ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, ọmọ kan yẹn náà ni yóò wọ aṣọ méjèèjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló tó pe ìyẹn ní irọ́ lójú ìyá ọmọ?

Ọ̀DỌ̀ KODAK NI DÍJÍTÀ TI JÁDE

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé Kodak tó ń ta fíìmù fún gbogbo ayé ni Steve Sasson ń bá ṣiṣẹ́ ní 1975 tó fi ṣe kámẹ́rà díjítà àkọ́kọ́. Dúdú àti funfun ló ń yà, ìṣẹ́jú àáyá 23 ló sì ń gbà kó tó gba fọ́tò kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di 2012, Kodak alára sá lọ sí kóòtù fún ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ lówó. Síbẹ̀ fíìmù ò kú. Ní 2018, Kodak tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta Ektachrome tó ti pa tì.

TA LÓ WÁ JẸ̀BI?

Díjítà yá, ìnáwó rẹ̀ ò pọ̀, akọ̀ròyìn lè fi fọ́tò ránṣẹ́ kí ariwo ibi ìṣẹ̀lẹ̀ tó rọlẹ̀. Àmọ́ bí fóònù bá bọ́ sómi, tàbí tí gbéwiri já a gbà, ẹgbẹ̀rún fọ́tò ti lọ nìyẹn. Fíìmù náà ò sì ṣe é gbójú lé pátápátá. Ooru àti ọ̀rinrin ń mú kó bu, bí onífọ́tò bá sì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ lè da páálí nẹ́gátíìfù sí ààtàn láìmọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Kámẹ́rà kọ́ ló jẹ̀bi, àìtọ́jú ni. Ẹ lọ tẹ mẹ́wàá tó dára jù nínú fọ́tò fóònù yín jáde, kí ẹ kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn wọn. Ẹ̀yin tí nẹ́gátíìfù ìgbéyàwó yín ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá onífọ́tò, ẹ tètè lọ bá a kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó tì, kí àwọn ọ̀dọ́ sì bá yín fi ẹ̀rọ díjítà dà á kọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀yìn ta lẹ wà? Ojú ìwé lẹ́tà wa ń retí yín.